Ọ̀bọ àti Afẹ́fẹ́ Tí Kì Í Jẹun

Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà lé Ọ̀bọ lórí, ẹni tó kàwé ẹ̀rọ níwọ̀nba bíi tèmi.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń yí ẹ̀rọ iná ìlú ẹranko, àgbàdo ni wọ́n ń fún un. Ọ̀bọ wá ri abẹ̀bẹ̀ ńlá mọ́ orí òkè, afẹ́fẹ́ ń yí i, iná ń tàn yòò.

"Ẹ má bọ́ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́. Afẹ́fẹ́ kì í jẹ àgbàdo!"

Adìẹ, tó ń fi iná lé òtútù kúrò lára àwọn ọmọ rẹ̀, ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá wá fẹ́ ńkọ́?"

"Ìwọ tí o ò lè fò, kí lo mọ̀ nípa afẹ́fẹ́?"

Ọjọ́ òtútù kan, ewé ò mì. Iná kú, àwọn òròmọdìẹ ń gbọ̀n. Ọ̀bọ sáré bá Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ebi ò jẹ́ kí ìyẹn lè dìde, ó ní:

"Àbúrò, ẹni tí a fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ọjọ́ tó ń fẹ́ la ti ń bọ́ ọ."

Ni Ọ̀bọ bá bọ́ sídìí ẹ̀rọ, ó ń yí i fúnra rẹ̀. Adìẹ ń lé orin, ìlú ń gbè é:

Afẹ́fẹ́ kì í jẹ àgbàdo—
*Yí i, Ọ̀bọ, yí i!*
Àwọn ọmọ mi ń gbọ̀n—
*Yí i, Ọ̀bọ, yí i!*

Àwọn òròmọdìẹ yè. Ojú ti Ọ̀bọ, ó sá gorí igi, ibẹ̀ ló wà dòní, ó ń wò bóyá ewé á mì.

Bí mo bá purọ́, kí fáànù ilé mi dúró. Ó kúkú ti dúró kí n tó bẹ̀rẹ̀.