Ọ̀gá Àgbà Dé Ilé Ìtọ́jú

Ilé ìtọ́jú kẹta tí Ìbídùn mú bàbá rẹ̀ lọ wò lọ́sẹ̀ náà nìyí. Bàbá yìí, Alàgbà Ọyádìran, ti ṣe ọ̀gá àgbà ilé-ìwé rí kí àìsàn ìgbàgbé tó dé. Ìbídùn kò tíì mọ bí yóò ṣe sọ fún un pé yóò fi ilé sílẹ̀.

"Ẹ̀rọ mẹ́rin tó rí bí ènìyàn ló ń tọ́jú àgbà kan," ni ìyá alábòójútó wí. "Bí àgbà bá béèrè ohun kan nígbà ọgọ́rùn-ún, àwọn ẹ̀rọ náà ò ní bínú."

Àwọn ẹ̀rọ náà tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró gbagidi. "Ẹ káàárọ̀, sà."

Ojú Bàbá le. "Ìdúró lẹ fi ń kí mi? Ẹ dọ̀bálẹ̀!"

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn ní ìdọ̀bálẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bá àgbà jiyàn. Gbì! Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na gbalaja, wọn ò sì lè dìde mọ́.

"Ẹ dákun, mà, ẹ má bínú," ni Ìbídùn ń bẹ̀. Ẹ̀rín ti jẹ́ kí gèlè bọ́ lórí ìyá alábòójútó.

Bàbá káwọ́ sẹ́yìn, ó yí àwọn ẹ̀rọ náà ká.

"Ìbídùn, ṣé o rí irú ilé-ìwé tí ìjọba gbé mi wá? Àwọn ọmọ tí kò mọ ìkíni! Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀ báyìí. Lọ kó ẹrù mi wá. Kó o sì sọ fún ìyá rẹ pé wọ́n ti gbé mi wá síbí."

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá Ìbídùn ti kú. Ìbídùn kúnlẹ̀, ẹ̀rín ń pa á, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Mo ti gbọ́, Bàbá mi. Màá jíṣẹ́ fún wọn."