Inosi àti Ọ̀pẹ Tí Kò Fẹ́ Oòrùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, torí ìparí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1.
Ní abúlé Waisavulo, ní erékùṣù Vanua Levu ní Fíjì, igbó kan wà lẹ́yìn ilé Inosi, odò kékeré sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Abẹ́ àwọn igi ńlá inú igbó yìí ni ọ̀pẹ kan ń gbé tí wọ́n ń pè ní niuniu. Kì í ṣe ọ̀pẹ tí à ń gùn o. Kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ, ó gún gbọọrọ bí ọ̀pá, ẹnu ewé rẹ̀ rí wúruwùru bí ẹni pé eku jẹ ẹ́, èso rẹ̀ sì máa ń pọ́n rẹ̀rẹ̀. Kì í tètè dàgbà rárá. Èyí tí bàbá bá bá ní kékeré, ọmọ ló máa gé e. Òun ni àwọn ọkùnrin ìdílé náà fi ń ṣe ọ̀kọ̀ tí wọ́n ń gbé jó lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ènìyàn joyè. Ibòmíràn kò sí tó tún kù sí ní agbègbè yẹn.

Bàbá Isimeli, olórí ìdílé, fi igbó náà sábẹ́ ìtọ́jú Inosi. Ó ní, "A ti fòfin dè é. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé e títí ọmọ tuntun rẹ yìí á fi tó ọ̀kọ̀ ọ́ gbé. Ojú rẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé."

Láti ọjọ́ yẹn ni Inosi ti ń wo gbogbo ayé ní ìwò olè.

2.
Èso niuniu bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Bó bá pọ́n lónìí, tó bá di ọ̀la, igi òfìfo. Inosi wá ipasẹ̀ ènìyàn títí, kò rí.

Ọjọ́ kan ló wá rí Apakuki, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, tó ń ti inú igbó bọ̀ pẹ̀lú àpò léjìká. Níbẹ̀, àna ọkùnrin máa ń bú ara wọn ṣeré ni, ìyẹn ni ìfẹ́ wọn.

"Ìwọ olórí kókò yìí, kí lo gbé?"

"Òkúta ni. Mo fẹ́ sọ ọ́ lù ẹ́ lágbárí, bóyá wàá gbọ́n."

Tẹ́lẹ̀, wọn ì bá rẹ́rìn-ín títí wọn á fi jókòó sílẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀rín Inosi kò kọjá eyín. Òkúta wo ló ń kán omi? Kí ló dé tó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, tí kò gba iwájú?

Nírọ̀lẹ́, Ulamila, ìyá Inosi, gbé ọbẹ̀ edé tí wọ́n fi omi àgbọn sè fún Vasiti, ìyàwó Inosi, tó ń fún ọmọ lọ́mú. Inosi náà bù nínú rẹ̀.

"Ìyá mi, ta ló ń pa edé yìí wá?"

"Jẹun, jàre. Ẹni tó mú un wá ò fẹ́ ariwo."

Ó jẹun. Ọkàn rẹ̀ wà lórí àpò.

3.
Ó gbèrò pé bí òun bá gé àwọn igi ńlá yẹn kúrò, òun á máa rí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà òun. Ó lọ yá ẹ̀rọ agégi.

Ìyá rẹ̀ sáré jáde. "Inosi! Igi yìí ni òrùlé niuniu. Kò fẹ́ oòrùn. Má tú u síhòòhò!"

"Ìyá mi, olè ń jà wá, ẹ̀ ń sọ ti òrùlé. Àbí ẹ mọ olè náà ni?"

Ìyá wò ó, ó yí padà wọlé.

Igi wó lulẹ̀ gbì, gbì. Inosi gbé ìjókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé ọmọ lé itan, ó ń rí ìdí ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan kedere. Èso kò sì pòórá mọ́! Orí igi ló gbẹ sí. "Ẹ ò rí i? Olè ti sá."

Àmọ́ ewé ń pọ́n. Nígbà tó yá, ó di àwọ̀ ilẹ̀, ó ń ká kò bí ìwé tí iná ń jó. Inosi tún ní, "Apakuki ló da nǹkan sí i nídìí. Ó ń bínú pé mo ká òun mọ́."

4.
Níbi tí wọ́n ti ń mu yangóna, ohun mímu tí wọ́n ń fi gbòǹgbò igi ṣe, nílé Bàbá Isimeli, Inosi gbé igbá ìmumi sílẹ̀, ó nàka sí àna rẹ̀. "Apakuki lolè tó ń kó èso wa. Òun náà ló pa ọ̀pẹ."

Apakuki wolẹ̀. Ulamila ló dáhùn láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Edé tó pa nínú odò ló wà nínú àpò yẹn. Èèwọ̀ ni kí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin máa bá àbúrò rẹ̀ obìnrin sọ̀rọ̀ lójúkojú, ìwọ náà mọ̀. Èmi ni Apakuki ń gbé e fún lẹ́yìn ilé ìdáná, kí omi ọmú Vasiti lè pọ̀. Ṣebí o jẹ nínú rẹ̀?"

Bàbá Isimeli dìde, wọ́n tẹ̀ lé e dé igbó. Ọ̀pẹ náà ti tẹrí ba tán.

"Àdàbà ló ń jẹ èso rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ibi tí wọ́n bá su ún sí ni òmíràn ti ń hù. Orí àwọn igi tí o gé ni wọ́n ń gbé, Inosi. Olè rẹ nìyẹn. Ìwọ lo lé wọn lọ."

Inosi gbé eyín àbùùbùtán lọ tọrọ àforíjì, bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Apakuki gbà á. Ó ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pàdé lọ́nà odò, Inosi dúró, ó ń retí èébú.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Ọ̀gbẹ́ni Inosi," ni Apakuki wí, ó sì kọjá.

Ọmọ Inosi máa dàgbà. Ọjọ́ ìjó á dé, kò sì ní rí ọ̀kọ̀ gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá fura sí ẹnì kan, ẹ pè é, ẹ bi í ní ìbéèrè tòótọ́, kì í ṣe ti àwàdà. Bí àgbà nínú ilé bá ní ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ má torí pé ẹ ń ṣọ́ nǹkan kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín pa á. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ń fojú olè wo ará ilé rẹ̀, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i lónìí, kó tó lọ yá ẹ̀rọ.