Kò Tíì Dáhùn

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Bíyìí fi ń wá bí rímóòtù kan yóò ṣe máa gbọ́ èsì.

Ọkọ̀ òfurufú kékeré tí òun àti Olúwaníyì ọmọ rẹ̀ jọ kàn nínú gáréèjì wọn ní ìlú Pearland lókè òkun ń gba àṣẹ dáadáa. Bí wọ́n bá ní kó yà sọ́tùn-ún, á yà. Bí wọ́n bá ní kó sọ̀ kalẹ̀, á sọ̀. Ṣùgbọ́n kì í fèsì. Rímóòtù á kàn máa sọ̀rọ̀ lọ ni, ẹni tó dì í mú kò sì ní mọ̀ bóyá bátìrì ti ń tán lókè lọ́hùn-ún, tàbí risífà tó ń gba àṣẹ ti ń gbóná jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ náà ti já lulẹ̀ nítorí èyí. Telemetry ni Bíyìí fẹ́ fi kún un: kí rímóòtù pè, kó dákẹ́ díẹ̀, kí ọkọ̀ dáhùn nínú ìdákẹ́ yẹn, kó sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Bíyìí ń kọ kóòdù ní Pearland, Olúwaníyì àti àwọn ọmọ yunifásítì kan ń dán an wò ní àdúgbò Third Ward, níbi tí ọkọ̀ náà wà. Wọn kì í fojú kan ara wọn. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kó lọ sínú apartment pẹ̀lú Azeezat, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ tọrọ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, Bíyìí ti ní òun kò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ àfi tó bá wá dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló fi sílẹ̀ fún un. Kó kọ ọ́ ránṣẹ́, kó sì fi Yorùbá kọ ọ́. Bíyìí mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá forí ṣánpọ́n, kò sí ohun tí àwọn méjèèjì yóò tún máa bá ara wọn sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Kùdírátù ìyàwó rẹ̀ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì.

"Bàbá Níyì, ọ̀rọ̀ Azeezat ni mo ní kí n—"

"Kùdí, kí ni mo sọ nípa orúkọ yẹn nínú ilé yìí?"

"Ẹ ní ká má dá a."

"Ṣé èdè Ṣáínà ni mo fi sọ ọ́ ni?"

"Rárá o. Yorùbá lẹ fi sọ ọ́." Ó yí padà, ó wọlé lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, ó rọ oúnjẹ sínú fúláàsì, ó ní òun ń lọ wo aláìsàn kan. Ó máa ń lọ bẹ́ẹ̀. Bíyìí kò gbójú sókè.

"Bá mi kí wọn."

Ní aago mẹ́sàn-án, Bíyìí kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ pé: "Ó ti dáhùn?"

Èsì pẹ́ kó tó dé. "Rárá sà. Láti àná ni mo ti ń pè é. Kò tíì dáhùn."

Bíyìí tún kóòdù náà yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé ìdákẹ́ náà ló kéré jù. Ó fi kún un, ó fi tuntun ránṣẹ́. "Ṣe sùúrù fún un. Bó o bá pè é tán, dákẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i."

"Mo ń dákẹ́ sà."

Nígbà tó di aago mọ́kànlá: "Ó ń gbóná gan-an."

"Ẹ tú ohun tẹ́ ẹ fi wé e, kí atẹ́gùn kàn án."

"Wọ́n ti tú u. Wọ́n ti kó yìnyín tì í."

Bíyìí pariwo nínú gáréèjì. Àwọn ọmọ yunifásítì wọ̀nyí! "Yìnyín kẹ̀! Ta ló kọ́ wọn níṣẹ́?"

Olúwaníyì tún kọ ọ́ pé: "Wọ́n ti so ó mọ́ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀."

Bíyìí dìde lórí àga. Oṣù mẹ́rin, wọn kò rí nọ́ńbà kankan rí. "Ó dára bẹ́ẹ̀," ló kọ. "Ó kéré tán, a ti ń rí ohun tó ń ṣe é."

Fóònù dún. Olúwaníyì ni. Bíyìí wò ó títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ wá."

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lórí tábìlì. Ó fọwọ́ kàn án, ó fi í sílẹ̀. "Mi ò lè wọ ilé yẹn. O mọ ìdí rẹ̀."

Aago méjì kọjá kí fóònù tó tún tàn.

"Ó ti kú, Dádì."

Bíyìí jókòó. Òun fúnra rẹ̀ ló jó wáyà inú risífà náà pọ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú awò lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ló ń rò. Kò fẹ́ kó rò pé òun ló bà á jẹ́. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ: "Ọmọ mi, má bara jẹ́. Jù ú nù. A ó wá òmíràn tó sàn jù ú lọ."

Láti ìgbà tí ọmọ náà ti lọ, kò tíì pè é ní ọmọ mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ránṣẹ́. Nígbà tí kò rí èsì, ó ṣe ohun tó ti búra pé òun kò ní ṣe: ó pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Ó dún títí, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí Kùdírátù wọlé, kò bọ́ bàtà, ó wá dúró níwájú rẹ̀, ó ní: "Bàbá Níyì, Níyì ní kí n bi yín, ibo lẹ ní kí òun ju Azeezat nù sí?"