Kòkòrò Inú Ẹja Gbígbẹ

Owú jíjẹ ni àbùkù Fadékẹ́mi. Ó mọṣẹ́, kì í ṣọ̀lẹ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yin ẹlòmíràn lójú rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Newtown, ní Johannesburg, ló ti ń fi kòkòrò, aláǹtakùn àti àkekèé han àwọn ọmọ ilé ìwé. Ó ní àpótí onígíláàsì kan tí labalábá gbígbẹ kún inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń fi abẹ́rẹ́ kàn wọ́n mọ́ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun náà ló bá Tiwalọlá, ọmọ ìlú rẹ̀, wáṣẹ́ síbẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn ún jù. Bí àwọn ọmọdé bá ti wọlé, ọ̀dọ̀ Tiwalọlá ni wọ́n ń sáré lọ, níbi tí ọ̀kùn ńlá kan ti ń gun apá rẹ̀ lọ sókè.

"Àǹtí Tiwa, ṣé kì í buni jẹ?"

"Na ọwọ́ ẹ. Ó kàn ń wá ibi tó máa sùn ni."

Fadékẹ́mi á yọ ṣùtì. "Èmi tí mo bá a wáṣẹ́ nìyí o!"

Nígbà tó yá, Màmá Nomvula, ọ̀gá wọn, ní òun fẹ́ yan olórí fún yàrá kòkòrò. Ẹni tí àpótí rẹ̀ bá dára jù lọ́jọ́ tí àwọn òbí máa wá ni yóò dé ipò náà. Tiwalọlá ti to tata gbígbẹ aláwọ̀ mèremère sínú tirẹ̀. Fadékẹ́mi wò ó, inú rẹ̀ ń jó bí iná.

Òfin kan wà níbẹ̀: ohun gbígbẹ kankan kò gbọdọ̀ ti ìta wọlé láìkọ́kọ́ sùn nínú fìrísà, nítorí kòkòrò tó máa ń jẹ ohun gbígbẹ, tí òtútù ibẹ̀ máa ń pa. Fadékẹ́mi mọ òfin yìí. Ó sì mọ ibi tí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ wà. Ó wọ takisí lọ sí Rockey Street ní Yeoville, sọ́dọ̀ Àbísóyè, obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ.

"Àǹtí mi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́."

"Òun gan-an ni mo fẹ́."

"Ṣé adìẹ lẹ fẹ́ fún ni?"

"Àní kí o tà á fún mi!"

Àbísóyè rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa mú un lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ò gbowó kòkòrò."

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Fadékẹ́mi gbọn kòkòrò díẹ̀ sínú àpótí Tiwalọlá. Ó fi bébà wé ẹja náà, ó tì í sábẹ́ àpótí tirẹ̀, kó lè bù kún un bí ti àkọ́kọ́ kò bá tó. Òkò tí a bá sọ sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Tiwalọlá a máa yẹ àpótí rẹ̀ wò láràárọ̀. Kíá ló rí wọn, ó sì gbé àpótí náà sínú fìrísà.

"Àǹtí, kòkòrò wọ àpótí mi o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ tiyín náà wò."

"Tèmi? Ṣé èmi náà dọ̀tí bíi tìẹ ni? Gbájú mọ́ tìẹ, jàre."

Ó fi aṣọ bo àpótí tirẹ̀ de ọjọ́ ńlá náà. Lẹ́yìn tí Tiwalọlá gbé àpótí rẹ̀ jáde nínú fìrísà, ojú Fadékẹ́mi kò kúrò lára àwọn tata náà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n wó.

Ọjọ́ pé, àwọn òbí kún yàrá. Fadékẹ́mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ká aṣọ kúrò. Abẹ́rẹ́ nìkan ló wà lóòró. Labalábá ti di ẹbu, kòkòrò onírun wẹ́wẹ́ sì ń rìn nínú rẹ̀.

"Eish," ni ọ̀gá fi ìyanu kígbe.

"Tiwalọlá ló ṣe é!" Fadékẹ́mi figbe ta. "Ó ń jowú mi!"

Obìnrin kan tó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú bẹ̀rẹ̀ sí í fimú fínfín. Ó tẹ̀ ba, ó fa ẹja tí a fi bébà wé jáde lábẹ́ àpótí náà. Àbísóyè ni.

"Háà, Àǹtí mi! Adìẹ yín dà?"

Ọ̀gá ní kí Tiwalọlá túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Tiwalọlá wolẹ̀, ó kọ̀. Àbísóyè ló fi ẹnu ara rẹ̀ rò ó lédè Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Fadékẹ́mi, ó sì dá kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ padà. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé àpótí òun lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ abẹ́rẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀. Ọ̀gá mi orí: kòkòrò wà nínú rẹ̀, fìrísà ló ń lọ. Tiwalọlá, olórí tuntun, ló gbé e lọ síbẹ̀. Fadékẹ́mi jáde lọ́wọ́ òfo.

Ẹ̀yin ará, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Owú kì í kọ́kọ́ jẹ ẹni tí a ń jowú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bọ́ ọ ló ti ń jẹun yó. Bí iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ bá dára ju tìrẹ lọ, lọ tún tìrẹ ṣe. Bí ilẹ̀ bá sì mọ́, àpótí tìrẹ ni kí o kọ́kọ́ ṣí wò.