Ìdánwò Ògiri Amọ̀

"Fẹ̀yìn tì í dáadáa, Tíṣà," ni bàbá ọ̀mọlé wí bó ṣe ń gun orí ògiri amọ̀ náà n'Ígàndò, lọ́dún 1988. Bó ṣe ń dán gbogbo ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ wò nìyẹn: wàá fẹ̀yìn ti ògiri tó o fọwọ́ ara ẹ mọ, ọ̀gá á sì jó lórí rẹ̀.

Tíṣà iléèwé ni, àmọ́ ó wá kọ́ṣẹ́ ilé mímọ; ó fẹ̀yìn ti ògiri náà. Bàbá gbẹ́sẹ̀ ijó kan péré, amọ̀ tútù já bọ́ sí Tíṣà lọ́rùn.

"Ẹ dúró, Bàbá. Mi ò jẹ́ kí ìpele ìsàlẹ̀ gbẹ."

"O wá lọ dúró síbẹ̀?"

"Ẹ̀rù yín bà mí ju ti ògiri lọ."

Ògiri mì. Tíṣà fẹ́ sá.

Ohùn Bàbá di ti ọmọdé. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò. Ẹ̀yìn yín ló gbé mi dúró."