Abala Kẹsàn-án Tí Ọnọ́rébù Fi Bírò Fà

Ẹ má gbé fóònù yín sílẹ̀ kí ẹ tó ka ìtàn yìí tán. Mo fi gbogbo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ mi ti rìn búra, ó ṣẹlẹ̀, ní Benin níbí, kò tíì pẹ́. Bí mo bá purọ́, kí n má rí ibi sùn lálẹ́ òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ipò, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí.

1.
Ọnọ́rébù Adéníyì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bó bá dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, àwọn tó ń tòògbé á jí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, wọ́n ń jiyàn lórí àtúnṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ló bá na ìka sókè.

"Ènìyàn mẹ́ta á jókòó sí pálọ̀, wọ́n á mú ẹni tó wù wọ́n, wọ́n á ní ẹgbẹ́ ló mú un! Ó tó gẹ́ẹ́! Kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà Oliha. Àwọn obìnrin tó ń ta gàrí ń pè é ní "ọkọ wa."

Òun kan náà ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òun ló sì kọ àbá òfin ilẹ̀ ìlú. Abala kẹsàn-án ni ẹ̀mí òfin náà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ ìlú kan, àfi bí gbogbo ará ibẹ̀ bá pé jọ, tí wọ́n sì fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn abúlé kòkó tó wà lẹ́yìn Benin, tí àwọn Yorùbá ń pè ní káńpù, ọ̀pọ̀ ò ní ìwé ilẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gbé iṣu àti ẹmu lọ bá àgbà tó ni ilẹ̀. Bàbá náà á pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú gbogbo ènìyàn, oníkálukú á dáhùn. Ìpéjọ yẹn ni ìwé wọn. Inú irú káńpù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Adéníyì sí. Ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé ibẹ̀.

2.
Lọ́jọ́ kejì, alága ẹgbẹ́ wọn, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Líídà, ránṣẹ́ pè é sí pálọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA. Ọkùnrin kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ fún oko ọ̀pẹ ńlá jókòó tì í.

"Ọnọ́rébù wa, ẹnu ẹ mú o!" Líídà rẹ́rìn-ín. "Máa bá àtúnṣe ẹ lọ, nó wàhálà. Àmọ́ yọ abala kẹsàn-án yẹn fún mi. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ láti lọ sílé aṣòfin Abuja ti di tìẹ nìyẹn."

"Láìsí ìdìbò abẹ́lé?"

"Ìdìbò wo? Àwa náà là ń dìbò yìí."

Adéníyì bú sẹ́rìn-ín. Kò béèrè ibi tí ilẹ̀ tí ọkùnrin náà fẹ́ rà wà. Ó rò pé bí òun bá béèrè, wọ́n á ní ọmọdé lòun. Ó yọ bírò àti ìwé àbá òfin náà, ó fa ìlà lórí abala náà, ó sì padà sídìí ẹran tó ń jẹ.

Nígbà tó dé ọ́fíìsì, Bùsáyọ̀, akọ̀wé ìgbìmọ̀ rẹ̀, wo ìwé, ó wo ojú ọ̀gá.

"Sà, ta ló ní ká yọ èyí?"

"A jíròrò ẹ̀."

"Ẹ̀yin mélòó, sà?"

"Mẹ́ta."

"Ní pálọ̀?"

"Bùsáyọ̀, lọ tẹ̀ ẹ́ jáde!"

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kí ló fẹ́ ṣe?

3.
Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ìyá rẹ̀ dé láti káńpù. Lọ́wọ́ òfo. Ìyá tí kì í wá láìgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Wọ́n ní kó jókòó, ó kọ̀.

"Níyì, àwọn kan wá wọn ilẹ̀. Wọ́n wọ inú yàrá mi, wọ́n wọn ibẹ̀ náà."

"Àwọn wo, Màámi?"

"Ṣé mo mọ̀ wọ́n ni? Wọ́n ní oko ọ̀pẹ ló ń bọ̀. Wọ́n ní ká mú ìwé wá. Mo ní, ẹ kó gbogbo ìlú jọ, ẹ ó gbọ́ orúkọ mi. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní òfin tó ń bọ̀ ò béèrè ìpéjọ mọ́."

Adéníyì dìde dúró.

"Ilé ọgọ́ta la jẹ́ níbẹ̀. Bàbá ẹ wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ìwọ lo wà níbi tí wọ́n ti ń ṣòfin, ọmọ mi. Bá mi wá ẹni tó ṣe é."

Ẹ̀yin tó ń kà á, ṣé ó yé yín? Ìyá náà ò mọ̀.

"Wọn ò tíì ka àbá náà lẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di òfin," ni ọmọ rí sọ. "Ọ̀la ni, Màámi. Ó ku ọ̀la."

4.
Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó pe Líídà lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dá a padà. Ilé ìyá mi ni."

"Kó ìyá ẹ wá sí GRA. Tó o bá dìde lónìí, gbàgbé Abuja. Gbàgbé ẹgbẹ́."

Nígbà tí ilé aṣòfin jókòó, Adéníyì dìde.

"Mo bẹ ilé yìí, ẹ dá abala kẹsàn-án padà."

Abẹnugan wò ó. "Ìgbìmọ̀ rẹ ló kọ̀wé pé kó kúrò. Ta ló yọ ọ́?"

Ó lè tì í sí Bùsáyọ̀ lọ́rùn. Ọmọbìnrin náà jókòó lẹ́yìn. Ó lè ní àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni.

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi yọ ọ́."

Ilé hó yèè. Ẹnì kan kígbe pé, "Olè!" Wọ́n dìbò. Ìbò méjì péré ni àwọn tó fẹ́ kí abala náà padà fi borí.

5.
Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ ti lé e. Àwọn tó ń pè é ní ọkọ wa ń pòṣé bó bá kọjá. Tíkẹ́ẹ̀tì dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àmọ́ àwọn awọnlẹ̀ fa èèkàn wọn tu, wọ́n lọ. Adéníyì wakọ̀ lọ sí káńpù, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"O fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di aláìnílé, Níyì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn, kó o wá bá mi da kòkó sóòrùn. Òjò ti dá."

Ó bọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn ló kọ́kọ́ rí oorun sùn láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti wá bá a.

Mo kìlọ̀ fún yín: bí ẹ bá fẹ́ fa ìlà lórí òfin ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ náà. Ohun tí ẹ bá bú nílé aṣòfin, ẹ má lọ ṣe é ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọjọ́ kan péré ló kù fún Adéníyì láti tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ kì í rí wákàtí kan.

Títí sáà rẹ̀ fi parí, kò tún sọ̀rọ̀ nílé yẹn mọ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn níbẹ̀ nìyí:

Èmi ni. Ọwọ́ mi ni mo fi yọ ọ́.