Láptọ́ọ̀pù Ìyá Misturat

Ìyá Misturat, bí wọ́n ṣe ń pè é báyìí, tún gbé láptọ́ọ̀pù náà dé láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìborùn ló fi wé e. Muhydeen, tó ń tún kòm̀pútà ṣe lẹ́bàá gáréèjì Ṣakí, mọ ohun tó gbé e wá kó tó jókòó.

"Ó tún ti kọ̀, Ìyá?"

"Ó kọ̀. Ó ní n ò láṣẹ."

Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ló ni ẹ̀rọ náà, ẹni tí ọ̀kadà pa lọ́nà Ofiki nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Línọ́ọ̀sì ló wà lórí rẹ̀, ètò tó máa ń wo ẹni tó ni fáìlì kó tó gbà kí wọ́n ṣí i. Áàpù kan wà níbẹ̀ tí ọmọ náà fi ń gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ń ké Kùránì.

Muhydeen yẹ̀ ẹ́ wò. Bíi ti àtẹ̀yìnwá, áàpù náà àti gbogbo fáìlì rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ olóògbé, wọ́n ti bọ́ sọ́wọ́ rúùtù, ọ̀gá pátápátá inú ẹ̀rọ. Kò mọ ohun tó ń gbé wọn lọ síbẹ̀.

Débọ́lá, tó ń ta ṣájà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Mudi, ṣé o ń tún un ṣe ni àbí o ń bà á jẹ́? Jẹ́ kí Ìyá gbọ́ ohùn ọmọ wọn, jàre."

"Gbọ́ ti ṣájà rẹ. Méjì nínú wọn ló jóná lánàá."

Ojú ń ti Muhydeen síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì. Ilé kéú ló ti kọ́ ọ pé kí ọwọ́ má kọ ohun tí ẹnu ò tíì kà, nítorí náà ó máa ń pe gbogbo ohun tó bá ń tẹ̀ jáde.

"Mo gbà á lọ́wọ́ rúùtù. Mo dá a padà fún Tàjúdéènì. Fáìlì yìí, ti Tàjúdéènì. Èyí náà, ti Tàjúdéènì."

Ìyá Misturat ti fà sún mọ́ ọn. Ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì.

"Ó ti ṣí, Ìyá. Ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ níbí."

"Rárá. Ó dilé."

"Irú ìlà kan náà ni mò ń tẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tíṣà rí, ẹ jẹ́ n kọ́ yín, kẹ́ ẹ yé dààmú ara yín."

"Orí tíṣà ti gbó, Mudi. Ìwọ náà ni kó o máa bá mi ṣe é."

Ó ṣàdúrà fún un, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Nílé, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ olóògbé. Lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn àgbà ilé ti ní kí gbogbo ènìyàn gbé orúkọ náà mì, kí ọkàn ìyá lè balẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Tàjúdéènì di Ìyá Misturat.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ṣí láptọ́ọ̀pù náà, kò fọwọ́ kan áàpù ohùn, ó tẹ ìlà kan péré tó ti há sórí tipẹ́, ó dá ohun gbogbo padà fún rúùtù, ó sì fi ìborùn wé ẹ̀rọ náà de ìgbà tó tún máa lọ.